Àpáàdì Iná Orí Ògúnrìndé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ iná, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ yìí gbàgbé yín fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má jókòó sórí àpótí tí ó wà ní apá òsì ààrò yẹn, nítorí pé àpótí náà ní ẹni tí ó ni ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́rin nìyí tí ẹni náà ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ má bínú bí ohùn mi bá rọlẹ̀. Ẹni tí ó ń dá gbé kì í lo ohùn rẹ̀ púpọ̀, ohun tí a kò bá sì lò, ìpẹtà ni yóò hù.

Ohun tí ó mú mi ké sí yín kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, Tíṣà Olúbọ̀dé tí ń kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé dìde nínú ìjọ, ó ní àwọn òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ, tí ó sì wà nínú Bíbélì tiwa náà, pé bí ẹnìkan bá ṣe ọ́ níbi tí ìwọ sì fi oore san án fún un, ẹyín iná ni o kó lé e lórí. Ìyá Ìjọ wa dìde, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, oore wo ló wà nínú kí a kó iná lé ènìyàn lórí? Àbí ẹ fẹ́ bá a sun irun bí ẹni sun irun ewúrẹ́ ni?” Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó ní ìtìjú ni ìtumọ̀ iná náà, ó sì jókòó. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì lórí itan mi, nítorí pé ọwọ́ wọ̀nyí ti kó ẹyín iná lé ènìyàn lórí rí, ẹyín iná gidi tí ó pọ́n bí ojú àparò, n kò sì mọ̀ nígbà náà pé àwọn ará ìlú òkèèrè ní orúkọ fún un.

Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ọdẹ́rántí ni mí. Èmi àti Ògúnrìndé jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ lọ́dọ̀ baba mi ni, a jọ jẹ nínú àwo kan, a jọ sùn lórí ẹní kan, bí òtútù bá sì mú, aṣọ rẹ̀ ni mo máa ń fà bora. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àjèjì ni ó ṣe mí. Àjèjì kì í mọ ibi tí yóò ti gún ni tí yóò fi dunni dé egungun.

Ní ọdún kan, ní ọ̀sán gangan, mo yìnbọn lu ẹfọ̀n kan létí odò Apàrà. Ẹfọ̀n, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ọdẹ tí kò bá tíì pa ẹfọ̀n rí, ọmọdé ni láàárín ọdẹ, kódà bí irùngbọ̀n rẹ̀ bá ń gbálẹ̀. Ẹran náà ṣubú, ilẹ̀ mì. Gbogbo ọmọ ọdẹ ni ó sì mọ ohun tí ó kàn. Ẹni tí ó bá pa ẹran ńlá, tí kò sì lè dá gbé e, yóò gé ìrù rẹ̀ sínú àpò, lẹ́yìn náà ni yóò já ewé lé e, kí ó tó lọ ké sí àwọn ènìyàn. Ìrù ni ẹ̀rí. Baba mi kọ́ mi ní èyí kí n tó mọ bí a ti ń ki ìbọn. Ṣùgbọ́n ayọ̀ a máa mú ènìyàn gbọ́n, a sì máa mú un ya òmùgọ̀. Bí mo ti já ewé lé e tán, ohun tí ó wà lọ́kàn mi ni ojú tí Àwẹ̀ró ìyàwó mi yóò ṣe nígbà tí ó bá gbọ́, mo sì sáré lọ sílé pẹ̀lú àpò òfìfo, mo fi ìrù sílẹ̀ lára ẹran.

Nígbà tí mo fi kó àwọn ènìyàn dé, ewé mi ti fò lọ. Ògúnrìndé ni ó jókòó lé ẹfọ̀n náà lórí, ó ń fi ìrù rẹ̀ lé eṣinṣin.

Mo ní, “Ògúnrìndé, ẹran mi nìyẹn.”

Ó ní, “Ìrù rẹ̀ ńkọ́?”

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. A dé iwájú Olúọ́dẹ Ògúnṣọlá, tí ó jẹ́ olórí gbogbo ọdẹ ìlú wa. Ògúnrìndé fi ẹnu kan irin, ó búra pé òun ni òun pa á, pé èmi ni mo fẹ́ jí i gbé. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Olúọ́dẹ wojú mi, ó wo ìrù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó mí kanlẹ̀, ó sì dá mi lẹ́jọ́ olè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣá ìṣáná bí ẹni ṣeré kò lè mọ bí ìdájọ́ náà ti wúwo tó. Láyé ìgbà náà, iná kan ni ó ń bí òmíràn. Bí tèmi bá kú ní àárọ̀, n óò mú àpáàdì, n óò lọ sí ilé kejì, wọn yóò bu ẹyín iná díẹ̀ fún mi, a ó kíra, a ó bèèrè ọmọ. Ẹni tí ó bá jí ẹran ọdẹ, omi ni àwọn ọdẹ yóò lọ dà sínú ààrò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un níná, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n bá sì rí èéfín lórí òrùlé rẹ̀, wọn yóò lé e jáde nílùú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà tí èèwọ̀ náà fi lè kúrò: kí ẹni tí wọ́n jí ẹran rẹ̀ fi orí ara rẹ̀ ru iná wá sínú ààrò olè náà. Ẹ rí i pé ọwọ́ Ògúnrìndé nìkan ni ìtúsílẹ̀ mi wà, òun sì ni kò lè tú mi sílẹ̀ láìjẹ́ pé irọ́ rẹ̀ ń gún un láyà.

Àwẹ̀ró fara dà á fún oṣù mẹ́jọ. A ń jẹ ẹ̀pà tútù, a ń jẹ ọsàn, a ń mu gààrí. Ó ní ìṣe kan láyé ìgbà tí a níná: bí ó bá ń fẹ́ iná, ojú kan ni ó máa ń dì, bí ẹni tí ó ń bá iná náà ṣàwàdà. Ní òwúrọ̀ mìíràn mo máa ń bá a níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ síwájú ààrò tútù, tí ó di ojú kan, tí kò sì fẹ́ ohunkóhun. Nígbà tí ikọ́ mú un, tí kò sí omi gbígbóná tí mo lè fún un, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gbé e lọ sí ilé baba wọn. Wọn kò jẹ́ kí n tẹ̀lé wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlógún, aláròóbọ̀ kan tí ó ń kọjá lọ dúró ní ìta, kò wọlé, ó ní, “Ọkọ Àwẹ̀ró, wọ́n ti sin ín o,” ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo jókòó nínú ilé yẹn fún ọdún méjì. Mo ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń kíra ní ìta, ìkíni wọn a máa dé etí ilé mi, a máa yà. Lẹ́yìn ọdún kejì, mo rántí pé baba mi sọ fún mi nípa Igbó Àìdáhùn tí ó wà lẹ́yìn òkè keje, níbi tí Ìyá Aláàrò ń gbé, ìyá arúgbó tí ó ni iná tí kì í kú. Mo ní n óò lọ gba iná náà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe láti fi se oúnjẹ. N óò fi sun ilé Ògúnrìndé, àti òun nínú rẹ̀. Mo gbé ìbọn mi, mo mú iṣu méjì, mo mú àpáàdì tí Àwẹ̀ró máa ń fi bu iná, mo sì lọ.

Igbó Àìdáhùn kò ní ọ̀sán, kò sì ní òru; bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ máa ń rí. Orúkọ rẹ̀ sì ro ó. Mo pariwo, gbohùngbohùn kò dá mi lóhùn. Mo ta igi nípàá, igi náà kò dún. Mo wá mọ̀ pé ilé tí mo ti kúrò kì í ṣe ibi tí ó dá jù láyé.

Ní ẹnu ọ̀nà igbó náà ni ohun kan ti fò jáde níwájú mi, etí mẹ́jọ ni ó ní, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, gbogbo wọn ń jì bí ewé kókò nínú afẹ́fẹ́, kò sì ní ẹnu lójú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà, bí ó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ó máa ń na ọwọ́ sí ni bí ẹni ń tọrọ nǹkan.

Ó ní, “Ìwọ tí o ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí ó gbé òkú ara rẹ̀ kọ́rùn, dúró níbẹ̀! Èmi ni Elétímẹ́jọ, oníbodè igbó yìí. Gbogbo ẹjọ́ tí ẹ̀yin ọmọ ènìyàn ń rò fún ara yín nínú ikùn ni mo ń gbọ́, ó sì ti sú mi. Ó yá, ro tìrẹ.”

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹfọ̀n. N kò tíì dé ọ̀dọ̀ Olúọ́dẹ tí ó fi yán lójú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Ìrù!” ni ó wí. “Lánàá ẹnìkan wá nítorí ààlà oko, níjẹta ẹnìkan wá nítorí pé wọn kò kí i níbi ìsìnkú. Ìwọ wá nítorí ìrù! Ẹfọ̀n tí ó ni ín kò wá bèèrè rẹ̀.”

Mo ní, “Ìyàwó mi kú nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún.”

Etí rẹ̀ mẹ́jọ wá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Màá jẹ́ kí o kọjá. Ṣùgbọ́n sọ ohun kan fún mi tí kò sí ọ̀tá rẹ nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo, kí etí mi sinmi.”

Mo ya ẹnu. Ẹ bá mi rò ó wò, ẹ̀yin ènìyàn mi: mo wá ọ̀rọ̀ nínú orí mi bí ẹni wá abẹ́rẹ́ nínú koríko, gbogbo ibi tí mo bá sì yà sí, Ògúnrìndé ni mo ń bá níbẹ̀ tí ó jókòó. Mo fẹ́ sọ ti baba mi, Ògúnrìndé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ti oko, ti òjò, ti iṣu, ó wà níbẹ̀. Ọ̀tá mi ti kó dé inú mi, ó ti tẹ́ ẹní, èmi ni mo ń sùn ní ìta. Ó pẹ́ kí ó tó di pé mo rí ohun kan ṣoṣo tí kò tíì bà jẹ́.

Mo ní, “Bí ìyàwó mi bá ń fẹ́ iná, ojú kan ni ó máa ń dì.”

Elétímẹ́jọ ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò, ó sì yà fún mi.

Mo rìn títí mo fi dé pápá kan nínú igbó náà, mo sì rí àwọn ènìyàn níbẹ̀. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Wọ́n pọ̀ bí eéṣú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọjú sí ẹnìkejì. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ síra wọn. Olúkúlùkù wọn di ẹyín iná kan mú sínú àtẹ́lẹwọ́, ó ń fẹ́ ẹ, fúù, fúù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń jó, kò sì jù ú nù. Wọ́n ti fẹ́ ẹ pẹ́ débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti fà wálẹ̀ dé orókún bí àpò tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀.

Mo kí ọ̀kan nínú wọn, bàbá àgbà kan. Mo ní, “Ẹ kú iná o, Bàbá. Ta ni ẹ ń fẹ́ ẹ dè?”

Ó ní, “Àbúrò mi tí ó gba oko baba wa. Bí ó bá ti ń kọjá báyìí, màá jù ú sí i lójú.”

“Ìgbà wo ni yóò kọjá?”

“Ó ti kú,” ni bàbá náà wí. “Ó ti kú láti ayé ogun. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà ti kú. Yà fún mi, ìwọ ọmọ yìí, o ń dí mi lójú, mi ò ní rí i bí ó bá ń bọ̀.” Ó sì tún ń fẹ́ ẹ, fúù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń di ọ̀rọ̀ sínú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi. Èmi kò sọ pé kí ohun tí ó dunni má dunni. Bí ọ̀rọ̀ bá dunni, a máa dà bí ẹkún. Ṣùgbọ́n kí ẹ máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín nínú dígí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Aláàrò jókòó sí àárín gbùngbùn igbó, òkúta mẹ́ta yí i ká, orí rẹ̀ sì jẹ́ àpáàdì ńlá kan tí iná ń jó nínú rẹ̀ láìsí igi. Ojú rẹ̀ kò burú. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, “Dìde, ọmọ Ọdẹ́rántí. Iná ni o wá bù?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Kí ni o fẹ́ fi ṣe?”

“Ilé ènìyàn kan ni mo fẹ́ sun.”

Mo retí pé yóò lé mi. Ṣùgbọ́n ṣe ni ó tẹ orí sílẹ̀, ó ní, “Gbé àpáàdì rẹ wá. Iná tí ń sun ilé àti iná tí ń se ọbẹ̀, ìyá kan náà ni ó bí wọn, n kì í sì í fi iná du ẹnikẹ́ni. Ohun kan ni o ní láti mọ̀. Iná yìí kì í jẹ igi. Bí o bá ń fẹ́ ẹ fún ara rẹ nìkan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ni yóò máa jẹ.”

Ó da ẹyín iná méje sínú àpáàdì mi. Bí mo ti yí padà, ó pè mí, ó ní, “Ìyàwó rẹ mọ iná fẹ́.” Ìyẹn nìkan ni ó wí. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì nu ún títí ó fi gbẹ.

Mo ti rìn fún ọjọ́ kan gbáko lójú ọ̀nà ilé nígbà tí mo gbọ́ ìkérora. Ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an nígbà náà, ó ń bẹ́ ni létè. Mo yọjú wo inú kòtò jíjìn kan, kí ni mo sì rí? Ògúnrìndé ni. Ó lé àgbọ̀nrín kan tí ó ti yìnbọn lù wọ Igbó Àìdáhùn, ó já sínú kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́ sí méjì. Ìbọn rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti kán. Ìkookò mẹ́ta jókòó sí etí kòtò lódì kejì, wọ́n ń ṣe sùúrù. Ètè rẹ̀ dúdú nítorí òtútù, ó ń fi òkúta lu òkúta kí iná lè ṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní agbára mọ́.

Kí ni mo ṣe? Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, nítorí arúgbó tí ó ń fi irọ́ sọ ara rẹ̀ di ènìyàn rere ń tan ara rẹ̀ ni. Mo jókòó. Mo jókòó sí abẹ́ igi kan níbi tí n óò ti máa rí i tí òun kò sì ní rí mi, mo gbé iná ka iwájú, mo ki iṣu bọ̀ ọ́, mo ń wò ó. Mo ní n kò tilẹ̀ ní láti sun ilé. N kò fọwọ́ kàn án. Ọyẹ́ àti ìkookò ni yóò ṣe é. Ta ni yóò bi mí? Irọ́ òun fúnra rẹ̀ ni ó fà á tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ gba iná lọ́wọ́ mi.

Iṣu náà jinná, n kò lè jẹ ẹ́. Mo ń fẹ́ iná. Ìkookò kan sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, Ògúnrìndé sọ òkúta lù ú, ó padà. Mo ń fẹ́ iná. Nígbà tí ó ṣe, ohun rírọ̀ kan kàn mí ní èjìká, mo gbọ́n ọn nù, ó tún padà. Mo fọwọ́ kàn án láti mọ ohun tí ó jẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni.

Mo dìde bí ẹni tí ejò bù jẹ. Mo gbé àpáàdì, mo sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò náà. Bí ìkookò ti rí iná, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ògúnrìndé wojú mi. Ó ní, “Ìwọ ni.”

Mo ní, “Èmi ni.”

“O wá pa mí.”

“Bí mo bá fẹ́ pa ọ́, mo ti ń pa ọ́ láti àárọ̀. Òkè yẹn ni mo jókòó sí.”

Ó di ojú. Ó ní, “Ọdẹ́jìnmí, n kò lè gba iná lọ́wọ́ rẹ. O mọ ìdí rẹ̀.”

“Má gbà á nígbà náà. Jẹ́ kí ó wà nílẹ̀ kí n wo ẹsẹ̀ rẹ.”

Mo fi igi méjì àti èèpo igi di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ké, mo ní kí ó ké dáadáa, kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Mo fún un ní iṣu. Ó jẹ ẹ́ bí ọmọdé, iṣu ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nítorí gbígbọ̀n. Ara rẹ̀ yá díẹ̀. Ìgbà náà ni ó ti ọwọ́ bọ inú àpò rẹ̀, ó fa ìrù ẹfọ̀n náà yọ, ó gbé e ka ilẹ̀ láàárín wa.

Ó ní, “Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé e kiri. N kò lè gbé e kọ́ sára ògiri, n kò sì lè jù ú nù. Bú mi, Ọdẹ́jìnmí. Mo bẹ̀ ọ́, bú mi.”

Mo wá èébú. Kò sí. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán fún ògiri ilé mi.

A ní láti lọ kí ọyẹ́ tó pa á. Apá rẹ̀ kan wà lọ́rùn mi, ọ̀pá wà ní ọwọ́ rẹ̀ kejì, èmi náà sì gbé ìbọn, mo fi ọwọ́ kan gbá a mú níbàdí. Ta ni yóò wá gbé iná? Láìsí iná, ìkookò yóò padà. Mo já ewé, mo ṣe é ní òṣùká, mo fi lé e lórí, mo gbé àpáàdì náà kà á, mo sì ṣa ẹyín iná méjèèje sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo ṣe kò ju ìyẹn lọ. N kò rò ó pé kí ojú tì í. Ara rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó gbóná.

A rìn fún ọjọ́ méjì. Eérú ń já bọ́ sí i lójú, omijé ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ní ibìkan ó dúró, ó ní, “Iná yìí wúwo.”

Mo ní, “Ṣé ó ń jó ọ lórí ni? Jẹ́ kí n fi ewé kún òṣùká.”

Ó ní, “Rárá, orí kọ́. Àyà ni.”

Nígbà tí a wọ ìlú, ọjà òwúrọ̀ ti ń dà. Àwọn ènìyàn rí wa, olè àti ẹni tí wọ́n ní ó jí ẹran rẹ̀, wọ́n dì mọ́ra wọn, iná lórí ọ̀kan. Igbe ta. Olúọ́dẹ Ògúnṣọlá jáde, àwọn ọdẹ tẹ̀lé e. A dé iwájú ilé Ògúnrìndé. Ìyàwó rẹ̀ ń sáré bọ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Mo fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un kí n máa lọ.

Ṣùgbọ́n kò dúró. Ó fa ara rẹ̀ kọjá ilé rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kan fò, ó ń lọ sí apá ilé mi. Gbogbo ìlú tẹ̀lé e. Ó dé ẹnu ọ̀nà mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó rá wọlé pẹ̀lú orókún kan, ó dé iwájú ààrò Àwẹ̀ró tí aláǹtakùn ti ta okùn sí, ó sì fi orí ara rẹ̀ da iná náà sínú rẹ̀.

Ó yíjú sí Olúọ́dẹ. Ó ní, “Bàbá, èmi ni olè. Ìrù nìyí. Èmi ni mo búra èké, Ọdẹ́jìnmí ni ó pa ẹfọ̀n.”

Èéfín gòkè lórí òrùlé mi. Mo jáde lọ wò ó.

Olúọ́dẹ ní kò gbọdọ̀ gbé ìbọn ọdẹ mọ́, ó sì bi mí pé ìyà wo ni mo tún fẹ́ kí wọ́n fi jẹ ẹ́, pé kí wọ́n da omi sínú ààrò tirẹ̀ náà ni bí? Mo ní kí wọ́n má da omi sínú ààrò ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí mi. Gbogbo ènìyàn ń yìn mí. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń bu iná mi lọ sílé wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó síwájú iná náà, kò sì sí ẹni tí yóò di ojú kan fẹ́ ẹ. Oore kì í jí òkú. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ìdáríjì ń dá ohun gbogbo padà, kò tíì dárí ohun tí ó tóbi jì ẹnikẹ́ni rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí ọ̀pá ń dún gbọ́, gbọ́, gbọ́. Ògúnrìndé ni, àpáàdì iná lórí rẹ̀. Mo ní, “Iná mi kò kú.” Ó ní, “Mo mọ̀.” Ó dà á sí i, ó jókòó sórí àpótí yẹn. A kò sọ̀rọ̀. Ó wá ní ọ̀la, ó wá ní ọ̀túnla. Lẹ́yìn oṣù kan ni mo sọ pé ọyẹ́ ọdún yìí pọ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọdún mọ́kànlélógún ni ó fi ń wá. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wa kú tán, òun nìkan ni ó kù láyé tí ó mọ bí Àwẹ̀ró ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àìsàn wá dá a mọ́lẹ̀, èmi ni mo lọ ń jókòó tì í. Ìrù ẹfọ̀n náà ni mo fi ń lé eṣinṣin fún un.

Nítorí náà, bí Tíṣà bá tún sọ ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, ẹ lò ó, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ lò ó bí ó ti yẹ. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó gbé oúnjẹ fún ẹni tí ó bú u, tàbí tí ó bá ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ kó irè oko rẹ̀ kúrò lójò, ẹ lè sọ pé ó kó ẹyín iná lé e lórí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó fi oore jí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣoore fún ọ̀tá rẹ̀ tí ó sì ń yọjú wò bóyá ó ti ń jó, kò tíì kúrò nínú pápá àwọn ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ kó iná lé e kí ara rẹ̀ lè gbóná. Bí yóò bá jó o láyà, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún iná.

Ọ̀rọ̀ mi ti tán. Ẹ bá mi gbé àpáàdì yẹn wá, èyí tí etí rẹ̀ ti kán. Opó Ògúnrìndé kò lè fẹ́ iná mọ́, ojú rẹ̀ ti fọ́, ilẹ̀ sì ti mọ́ tán báyìí. Láràárọ̀ ni mo ń ru ú lọ fún un. Ẹ má tẹ̀lé mi, mo mọ ọ̀nà.